Àwọn ìyá tí kò gba ìwé ikú ọmọ wọn lọ́wọ́ ṣọ́jà

Tí wọ́n bá dárúkọ Argentina létí ọ̀pọ̀ nínú wa, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Messi, Maradona, jẹ́sì aláwọ̀ ojú ọ̀run àti funfun, ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n gbà ní Qatar. Àwọn tó mọ ìtàn bọ́ọ̀lù dáadáa á rántí pé ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife náà, nílé ara wọn, nígbà tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan na Netherlands ní pápá ìṣeré River Plate nílùú Buenos Aires. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún ìtàn yẹn ni pé pápá ìṣeré náà kò jìnnà rárá sí ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ESMA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Nínú ilé tí àwọn ọ̀gá ológun ń gbé nínú ọgbà yẹn, àwọn èèyàn wà lókè àjà tí wọ́n fi aṣọ bò lójú, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn tó yè é sọ pé àwọn ń gbọ́ ariwo àwọn èrò ìwòran tí góòlù bá wọlé.

Nǹkan bí 5,000 èèyàn ni wọ́n gbé gba inú ọgbà yẹn kọjá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló jáde láàyè.

Ọjọ́ tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Bí gbogbo ayé ṣe ń wo ayẹyẹ ìṣíde lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè kan, tó fi mọ́ àwọn oníkámẹ́rà láti Netherlands, gba gbàgede Plaza de Mayo lọ, níwájú ilé ìjọba gan-an. Àwọn obìnrin ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ìyá tó so aṣọ funfun mọ́rí, tí wọ́n ń yí òpó ìrántí àárín gbàgede náà po, tí wọ́n ń bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ọmọ wa dà?

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta ọdún 1976 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun mẹ́ta, Videla, Massera àti Agosti, lé Ààrẹ Isabel Perón kúrò lórí àlééfà. Ká má parọ́, ìlú ò rọgbọ kí wọ́n tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé ìbọn dojú kọ ìjọba wà, àwọn apànìyàn tó ń bá àwọn aláṣẹ ṣiṣẹ́ òkùnkùn náà wà. Àmọ́ èyí tí àwọn ológun gbé dé tún kọjá bẹ́ẹ̀. Wọn kì í mú ìwé àṣẹ wá mú èèyàn. Òru ni wọ́n sábà máa ń wá, nínú ọkọ̀ Ford Falcon tí kò ní nọ́ńbà, wọn ò ní wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á sì palẹ̀ ohun ìní inú ilé mọ́ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n wá mú. Akẹ́kọ̀ọ́, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, olùkọ́, oníròyìn, aboyún. Tí wọ́n bá ti gbé e lọ, ó parí nìyẹn. Ọlọ́pàá á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣọ́jà á ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Mínísítà á ní bóyá ó ti sá lọ sí Yúróòpù.

Àwátì ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. A wá a, wá a, a ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú lọ́yà wò ó fún yín, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ibi náà fara pa mọ́ sí. Ẹjọ́ ìpànìyàn, òkú ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èèyàn lè jàre láìsí òkú, àmọ́ ó le bí ojú ẹja. Ẹjọ́ ìtìmọ́lé lọ́nà àìtọ́, ó yẹ kí á mọ ẹni tó ti èèyàn mọ́lé àti ibi tó tì í mọ́. Oògùn tí òfin ní fún èyí, láti ọjọ́ tó ti pẹ́ gan-an, ni èyí tí àwa lọ́yà ń pè ní habeas corpus: ilé ẹjọ́ á pàṣẹ fún ìjọba pé kó gbé ara ẹni tó wà láhàámọ́ rẹ̀ wá síwájú adájọ́. Tí ìjọba bá wá ní kò sí ẹnikẹ́ni láhàámọ́ òun ńkọ́? Adájọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí i, á sì pa fáìlì dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fà ya láwọn ilé ẹjọ́ Argentina láwọn ọdún yẹn. Àwọn lọ́yà tó ń kọ ọ́ gan-an ò ríbi sá sí. Ní oṣù Keje ọdún 1977, nílùú Mar del Plata, àwọn ṣọ́jà kó àwọn agbẹjọ́rò láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn èèyàn fi wá ń pè é ní Òru Àwọn Táì. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ ni Norberto Centeno, ẹni tó kọ òfin iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Mo máa ń rántí ọkùnrin yẹn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé òfin ò gbọdọ̀ dá sí òṣèlú.

Ní ìparí ọdún 1979, oníròyìn kan bi Videla léèrè nípa àwọn tó dàwátì. Ó fèsì níwájú kámẹ́rà pé ẹni tó bá ti dàwátì, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún un, kò kú, kò sì sí láàyè, ó ti dàwátì ni. Ẹ lè rí fídíò náà wò títí dòní. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ó ń fẹ́ èéfín dànù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, oníkálukú ìyá ló ń dá rìn. Á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kó lọ sí bárékè. Á dé bárékè, wọ́n á ní kó lọ wo ọsibítù, kó lọ wo ilé òkú. Á lọ bá àlùfáà, àlùfáà á ní kó máa gbàdúrà. Orí ìlà níwájú àwọn ọ́fíìsì yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ara wọn léraléra. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de àlùfáà àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́jọ́ kan ni ìyá kan ti ní ìdúró yìí ò lè so èso kankan, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí Plaza de Mayo. Azucena Villaflor lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 53, ìyàwó ilé. Wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ Néstor àti àfẹ́sọ́nà ọmọ náà lọ láti oṣù Kọkànlá ọdún 1976.

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ò sí nínú oṣù, àmọ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin wà, ọjọ́ náà sì ni obìnrin mẹ́rìnlá dé gbàgede yẹn lọ́dún 1977. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ́fíìsì ti tì, kò sẹ́ni tó rí wọn àyàfi àwọn ẹyẹlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fẹnu kò sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ọlọ́pàá ní òfin pàjáwìrì ò fàyè gba kí èèyàn kó ara wọn jọ sójú kan, kí wọ́n máa rìn lọ. Wọ́n rìn lóòótọ́. Wọ́n fi apá kọ́ ara wọn lápá, méjìméjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí òpó ìrántí náà po. Àṣẹ tí ọlọ́pàá pa láti tú wọn ká ló di ìwọ́de tí ẹnikẹ́ni ò rí tú ká láti ọjọ́ náà wá.

Aṣọ funfun orí wọn ńkọ́? Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n fẹ́ bá àwọn onígbàgbọ́ rìnrìn àjò lọ sí ìlú Luján, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Báwo ni wọ́n ṣe máa dá ara wọn mọ̀? Ẹnì kan ní kí oníkálukú so ìlédìí mọ́rí, ìlédìí aláṣọ tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ìgbà tí ọmọ wọn wà ní jòjòló. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ní aṣọ tó fi pọ̀n yín nínú àpótí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìjọba ní wèrè ni wọ́n, àwọn wèrè Plaza de Mayo. Orúkọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n ráyè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ta ló ń bẹ̀rù wèrè?

Ráyè yẹn ò pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wọn, arẹwà, onírun wúrà, ó ní Gustavo Niño lorúkọ òun, ó ní wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ. Àwọn ìyá yìí gbà á bí ọmọ. Wọ́n tún ń dáàbò bò ó, wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé kó má fi ara hàn jù, torí àwọn ọ̀dọ́ ni àwọn ṣọ́jà ń wá. Alfredo Astiz lorúkọ rẹ̀ gidi, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, láti ESMA.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1977, àwọn ìyá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Cruz, wọ́n ń dá owó tí wọ́n máa fi gbé orúkọ àwọn ọmọ wọn sínú ìwé ìròyìn La Nación. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n kó wọn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ìkéde náà jáde. Azucena jáde nílé láàárọ̀ láti lọ ra ìwé ìròyìn náà, wọ́n gbé òun náà ní àdúgbò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn méjìlá: ìyá mẹ́ta, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta yẹn, Esther Ballestrino de Careaga. Ọmọ ilẹ̀ Paraguay ni, onímọ̀ kẹ́míkà, òun ló jẹ́ ọ̀gá fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílé iṣẹ́ àyẹ̀wò kẹ́míkà nígbà kan rí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó padà di Póòpù Francis. Wọ́n gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tó lóyún, ní oṣù Kẹfà ọdún 1977. Wọ́n lù ú, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó padà wálé! Esther kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Sweden, ibi tí ọwọ́ ṣọ́jà kò lè tó wọn. Ọ̀rọ̀ ti parí fún un, àbí? Ó padà sí Buenos Aires. Àwọn ìyá yòókù ní kí ló tún wá ń wá, ṣebí o ti rí ọmọ tìẹ. Ó ní òun ò ní dúró títí gbogbo àwọn yòókù á fi padà wálé.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí ìgbà tí wọ́n mú Azucena, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n kó wọn sínú bàálù, wọ́n sì jù wọ́n sínú òkun láàyè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, Adolfo Scilingo, ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún oníròyìn Horacio Verbitsky lọ́dún 1995, ilé ẹjọ́ kan ní Spain sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 640 ní 2005. Òkun kò gbà fún wọn, ó da díẹ̀ nínú àwọn òkú náà padà sí etíkun Santa Teresita, wọ́n sì sin wọ́n láìlórúkọ sí ibi ìsìnkú ìlú General Lavalle.

Ọjọ́bọ̀ tún dé. Àwọn ìyá tó kù lọ.

Yorùbá ní, ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú á sunkún, á sin ín, á ṣí ojú. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ sọnù, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ni ọkàn rẹ̀ á máa fò. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ òwe yẹn á rò pé tí ìjọba bá ní òun á fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ikú, á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìjọba Videla náà rò bẹ́ẹ̀. Ní 1979, ọdún tí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì wá ṣèwádìí, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá ti sọnù láti oṣù Kọkànlá ọdún 1974, ilé ẹjọ́ lè kéde pé ó ti kú. Mọ̀lẹ́bí lè bèèrè fún un. Ìjọba fúnra rẹ̀ náà lè bèèrè fún un.

Ẹ wò ó dáadáa. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nínú òfin ẹ̀rí tiwa ní Nàìjíríà, Evidence Act ọdún 2011, abala 164, tí ẹnì kan bá lọ tí àwọn tó yẹ kó gbúròó rẹ̀ ò gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ó ti kú. Nítorí àwọn tó kù láyé ni wọ́n ṣe ṣe é: kí opó lè fẹ́ ẹlòmíì, kí ogún lè ṣe é pín. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó gbé èèyàn lọ kọ́ ni òfin yẹn ń ro ti. Ní Argentina, ẹni tó jí ọmọ ló gbé ìwé ikú ọmọ wá fún ìyá pé kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i ti gbà pé ọmọ òun kú, kò sẹ́ni tó pa á, kò sọ́jọ́ tó kú, kò síbi tó kú sí.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Láàyè lẹ mú wọn, láàyè la fẹ́ wọn, èsì wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọkàn ìyá ló ń sọ̀rọ̀, pé wọn ò fẹ́ gbà pé ọmọ ti kú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn kan. Lójú tèmi, òfin ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì sọ ọ́ ju àwọn adájọ́ wọn lọ. Èmi ò ní ọmọ mi lọ́wọ́, ìwọ lo mú un, ẹnu rẹ ni a máa gbọ́ ibi tó wà. Ìyẹn ni habeas corpus. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Àwọn ológun ja ogun erékùṣù Malvinas pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1982, wọ́n fìdí rẹmi, ìjọba bọ́ lọ́wọ́ wọn. Raúl Alfonsín, lọ́yà ni òun náà, gba ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ìgbìmọ̀ tó gbé kalẹ̀, tí òǹkọ̀wé Ernesto Sabato jẹ́ alága rẹ̀, ka orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 30,000 ni, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ò lè sọ̀rọ̀, àwọn ṣọ́jà ò sì fi ìwé wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1985, wọ́n gbé ọ̀gágun mẹ́sàn-án wá síwájú adájọ́ alágbádá, Videla àti Massera gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù Argentina, 1985, ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí, tí gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Ìtàn gidi ò parí síbẹ̀. Ní ìparí 1986, wọ́n ṣe òfin pé ẹjọ́ tí wọn ò bá tíì pè láàárín ọgọ́ta ọjọ́ ti kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òmíràn pé ọ̀gá ló rán àwọn kékeré níṣẹ́, kò sí ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n rán. Nígbà tó máa fi di ìparí 1990, Ààrẹ Menem ti dárí ji Videla àti Massera fúnra wọn. Wọ́n padà sílé. Ìyá kan lè wọ búrẹ́dì rà kó bá ẹni tó fìyà jẹ ọmọ rẹ̀ lórí ìlà.

Ihò kan ṣoṣo ló kù nínú ògiri yẹn, àwọn ìyá àgbà ló sì rí i.

Àwọn aboyún tí wọ́n kó lọ bímọ sínú àhámọ́. Wọ́n pa ìyá, wọ́n sì pín ọmọ, bí ẹni ń pín ìkógun, fún ìdílé ológun àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n fún wọn ní orúkọ mìíràn. Nǹkan bí 500 ni àwọn ìyá àgbà, àwọn Abuelas, sọ pé wọ́n jẹ́. Òfin tó dáàbò bo ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ò fi jíjí ọmọ kéékèèké kún un. Báwo lèèyàn ṣe máa fi hàn pé ọmọ yìí, ọmọ ọmọ mi ni, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò sí láyé láti fa ẹ̀jẹ̀ wọn? Àwọn ìyá àgbà yìí ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìbéèrè yẹn. Mary-Claire King, onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dáhùn. Ó dé Argentina lọ́dún 1984. Lára ọ̀nà tí wọ́n wá ń lò ni ohun kan nínú ara èèyàn tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá nìkan, tí ìyá náà jogún lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà tó lè jẹ́rìí láìsí ẹnikẹ́ni láàárín. Láti 1987, orílẹ̀-èdè náà ti ní báńkì tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé yìí pa mọ́ sí.

Ihò yẹn ni Videla jìn sí ní 1998, wọ́n tún mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ jíjí ọmọ ló sì wó ògiri náà pátápátá. Ní 1978, wọ́n gbé José Poblete, ìyàwó rẹ̀ Gertrudis Hlaczik, àti ọmọbìnrin wọn tí kò tíì pé ọdún kan. Ológun kan gba ọmọ náà tọ́. Ọlọ́pàá tó wà nídìí rẹ̀, Julio Simón, òfin fàyè gbà kí wọ́n bá a ṣẹjọ́ pé ó jí ọmọ gbé, kò fàyè gbà kí wọ́n bá a ṣẹjọ́ pé ó fìyà jẹ bàbá àti ìyá ọmọ náà nínú yàrá kan náà. Adájọ́ Gabriel Cavallo wò ó ní 2001, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò bá ọgbọ́n mu, òfin méjèèjì ò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú ìwé òfin ilẹ̀ náà àti àdéhùn àgbáyé. Ilé aṣòfin fagi lé wọn ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2005.

Wọ́n á ní ọdún ti pọ̀ jù, ẹjọ́ ti gbó. Rárá. Ẹni tí wọ́n jí gbé tí wọn ò tíì sọ ibi tó wà, wọ́n ṣì ń jí i gbé lọ́wọ́ ni. Lánàá, lónìí, lọ́la. Aago òfin ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà? Òkú tí wọ́n gbé pa mọ́ kí ẹjọ́ má baà sí, òun gan-an ni kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Ká ní àwọn ìyá ti gba ìwé ikú ní 1979, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn ni aago máa bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ó lé ní 1,000 èèyàn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Astiz gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2011. Videla gba àádọ́ta ọdún ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n jí, ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹnu àwọn ìyá yìí kò. Ní 1986, wọ́n pín sí méjì. Hebe de Bonafini, tí wọ́n gbé ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, ní òun ò fẹ́ egungun, òun ò fẹ́ owó ìtanràn, ẹni tó bá gba egungun ti gba ikú. Àwọn yòókù ní rárá, jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ sin ín, ká sì bá òfin lò. Ìjà náà le. Hebe tún sún mọ́ ìjọba Kirchner pẹ́kípẹ́kí, ètò ilé kíkọ́ tí àjọ rẹ̀ ń ṣe sì kó sọ́wọ́ àwọn aṣèwádìí ní 2011. Ó ṣòro fún mi láti dá ìyá tó pàdánù ọmọ méjì lẹ́bi lórí bó ṣe ń sunkún, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ egungun, ẹ̀yìn àwọn ìkejì ni mo wà. Ní 2005, àwọn onímọ̀ nípa egungun hú àwọn òkú aláìlórúkọ General Lavalle, wọ́n bá Azucena, Esther àti María Ponce de Bianco níbẹ̀. Bí egungun wọn ṣe kán fi hàn pé láti òkè ni wọ́n ti já bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí ọ̀kan nínú àwọn bàálù yẹn ní Amẹ́ríkà, ó ṣì ń fò. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ fi ìrìn alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ọdún 1977 hàn. Ní 2017, àwọn awakọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n gbére. Egungun àwọn ìyá ló jẹ́rìí. Wọ́n sin eérú Azucena sábẹ́ òpó ìrántí tó kọ́ àwọn yòókù láti máa yí po.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú gẹ́gẹ́ bí lọ́yà. Ní 1994, Argentina ṣe òfin tó dá ipò tuntun sílẹ̀: ẹni tí kò sí nílé nítorí pé wọ́n fipá sọ ọ́ di àwátì. Opó lè fẹ́ ẹlòmíì, ọmọ lè jogún, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ pé ó kú. Ọ̀rọ̀ Videla ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì sọ di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Nílé ńkọ́? Abacha náà ní àwátì tirẹ̀. Bagauda Kaltho, akọ̀ròyìn TheNEWS, ìwé ìròyìn tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, pòórá ní 1996. Lẹ́yìn ikú Abacha, ọlọ́pàá jáde ní 1998 pé bọ́ǹbù tó gbé lọ́wọ́ ló pa á ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kàdúná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà á gbọ́ rárá. Kò sí òkú tí wọ́n gbé fún ìdílé rẹ̀. Ní 2009, Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ àdéhùn àgbáyé lórí sísọ èèyàn di àwátì. Àdéhùn yẹn sọ pé mọ̀lẹ́bí tó ń wá èèyàn rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́. Ìwé ló wà níbẹ̀ o, orúkọ wa sì wà lórí rẹ̀. Tí lọ́yà kan bá ń ka èyí tó ní oníbàárà tí wọ́n mú láti àgọ́ ọlọ́pàá tí wọn ò rí mọ́, kó lọ ka abala 24.

Hebe kú ní 2022. Nora Cortiñas, tó ń wá ọmọ rẹ̀ Gustavo láti oṣù Kẹrin ọdún 1977, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹni ọdún 94, kò rí i. Javier Milei, nígbà tó ń du ipò ààrẹ ní 2023, ní kì í ṣe 30,000, pé 8,753 ni. Mi ò mọ ìyá tí ìyẹn máa tù nínú. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, tí wọ́n mọ ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan wà, ṣì panu mọ́.

Ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 1978, oṣù ife-ẹ̀yẹ yẹn? Nínú oṣù yẹn ni Laura Carlotto bí ọmọkùnrin kan sínú àhámọ́. Wọ́n pa Laura ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, wọn ò gbé ọmọ. Estela, ìyá Laura, di olórí àwọn Abuelas, ó ń bá àwọn ẹlòmíì wá ọmọ ọmọ tiwọn rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, olórin kan láti ìlú Olavarría tó ń ṣiyèméjì nípa ibi tí òun ti wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Òun ni. Ẹni kẹrìnléláàádọ́fà tí wọ́n rí.

Iye wọn ti lé ní 130 báyìí. Àwọn Abuelas ṣì ń kéde pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí láàárín 1975 sí 1980, tí kò dá a lójú ọmọ ẹni tí òun jẹ́, kó pe àwọn, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Nǹkan bí 300 ló kù tí wọ́n ń wá. Wọ́n ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti bímọ tiwọn, orúkọ tí wọ́n sì ń fi fún àwọn ọmọ náà, orúkọ ẹlòmíì ni.